Àálè Ọrùn Fàrídà

Ẹ̀rọ ìlọta kan ṣoṣo ló wà ní Abà Ìdí-Igbá, èmi ni mo sì ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ibí dé Àgọ́-Àrẹ, kó gbé àgbàdo rẹ̀ wá, kó jókòó, kó ní sùúrù. Kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ yẹn kọjá. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹlòmíràn ń sọ ìtàn Fàrídà lọ́nà mìíràn, ẹ sọ fún un pé Ìyá Ayọ̀délé ní irọ́ ni. Ojú mi ló ṣe.

Ẹlẹ́wọ̀n ni Fàrídà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í fi pamọ́. Ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn ló lọ bá ìjọba sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ọ̀ràn wọn kò wúwo jẹrà sínú ẹ̀wọ̀n; kí wọ́n kó wọn lọ sí oko, kí wọ́n fi iṣẹ́ àgbẹ̀ parí ọdún tí adájọ́ dá fún wọn. Ilé gígùn kan wà ní abà wa tí wọ́n ti kọ́ tipẹ́ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀, tí wọ́n pa tì fún ewúrẹ́. Wọ́n lé ewúrẹ́ jáde, wọ́n kun ilé náà ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì pe baálẹ̀ wa sí ìpàdé. Baálẹ̀ wa kì í kọ ohunkóhun tí wọ́n bá fi ẹlẹ́rìndòdò tútù sìn. Àwa obìnrin kò gbọ́ nǹkan kan títí bọ́ọ̀sì fi dé.

Ọmọbìnrin mẹ́ta ló bọ́ sílẹ̀. Fàrídà ló kẹ́yìn, ó wọ sálúbàtà rọ́bà, ó di àpò ọ̀rá kan mú, gbogbo ẹrù rẹ̀ nìyẹn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, koríko ló rí, ó sì rí àwọn igi igbá tó dá dúró káàkiri bí ẹni tí wọ́n bínú sí ara wọn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni ìlú ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Ibi tí o dúró sí yẹn ni àárín ìlú."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ sunkún, kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Ọmọ Ìbàdàn ni, Bẹẹrẹ ló dàgbà sí, níbi tí mọ́tò kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé ẹ̀gẹ́ wá lọ̀, mo bi í léèrè ohun tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìtàn tí gbogbo wọn máa ń sọ. Mi ò tíì rí ẹlẹ́wọ̀n tó jẹ̀bi rí ní ilé ayé yìí. Ọ̀tá ló ń parọ́ mọ́ gbogbo wọn. Fàrídà kàn wo inú igbá ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ó ní, "Mo ń ṣọmọ ọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ ìyá oníṣòwò kan. Mo jí ẹ̀gbà ọwọ́ wúrà wọn, mà. Ìyá mi ò ṣàìsàn, ebi ò pa mí. Ó ń dán, ojú mi wọ̀ ọ́, mo bá jí i."

Mo lọ ẹ̀gẹ́ náà fún un, mi ò gba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn ọmọ yẹn, n kò ní purọ́ fún yín.

Ọ̀gbẹ́ni Caleb ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó wọn. Láti Ṣakí ló ti ń gun alùpùpù wá lóṣooṣù. Ó pe gbogbo wa jọ lábẹ́ igi igbá, ó là á mọ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ náà kò gbọdọ̀ kọjá afárá odò láìgbàṣẹ, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé ọwọ́ ọ̀kan nínú wọn kan nǹkan onínǹkan, òun yóò gbé ọmọ náà padà sẹ́wọ̀n, ọmọ náà yóò sì ṣe ọdún tó kù níbẹ̀ pẹ̀lú èlé. Ó fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ní kí wọ́n bá òun fi sórí fóònù ni Ìyá Samsudeen, ẹni tí kò fi nọ́ńbà àwọn ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Samsudeen. Opó ni, ìmàle òdodo ni, kò sì sí obìnrin tó ń gbin iṣu tó o ní gbogbo agbègbè wa. Ohun kan ló fẹ́ràn ju iṣu lọ: àálè. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá lè ti gbàgbé. Bí oko tàbí èso bá wà tí olówó rẹ̀ kò sí nítòsí, yóò so nǹkan kọ́ ọ, bíi ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tàbí àkísà pupa, yóò sì fọ̀ sí i. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí àálè wà lára rẹ̀, kí ilé rẹ̀ ṣófo bí ìkarahun, kó gbẹ bíi ṣùkù. Ẹni tó kọ́ ọ nìkan ló ń tú u. Lèmọ́mù wa máa ń wàásù pé kò lágbára kankan, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i kó kọjá lábẹ́ ọ̀kan rí.

Lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ náà dé, Ìyá Samsudeen kọ́ àálè sára igi ìbẹ́pẹ, ó kọ́ ọ sára ìdì igi ìdáná, ó kọ́ ọ sí ìkòkò omi. Nígbà tó kọ́ ọ sí ọrùn ewúrẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ náà jẹ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó ti pọ̀jù, yóò ní, "Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó bá fi àrán bora, aṣọ olè ló fi bora." Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ta ni yóò bá a jiyàn?

Òjò àkọ́rọ̀ kò tíì dá nígbà tí àwọn méjì yòókù sá lọ. Ó ku Fàrídà nìkan nínú ilé gígùn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi bá wọn lọ, nítorí ọlọ́kadà tó gbé wọn ì bá gbé e pẹ̀lú.

Ó ní, "Bí mo bá sá, mo tún jí nǹkan nìyẹn, mà. Ọjọ́ tó kù yẹn kì í ṣe tèmi."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè. Ebè tó kọ́kọ́ kọ, ẹ̀rín pa wá. Adìẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí ló ń tú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ká. Kò bínú. Ó tún un kọ. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ó jiná, ó tún bó, títí àtẹ́lẹwọ́ náà fi le bíi ti àgbẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò gbá iwájú ilé gígùn náà títí ilẹ̀ yóò fi pupa gbòò, kò sí ewé kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò lọ kúnlẹ̀ kí Ìyá Samsudeen. Ìyá náà yóò dá a lóhùn nínú imú. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan, kò pa ọjọ́ kan jẹ.

Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kejì mú, ọmọbìnrin Ìyá Samsudeen bímọ ní Ìjìó. Ìyá náà ti wa iṣu rẹ̀, ó ti tò ó sínú àká lẹ́yìn abà, èyí tó dára jù tí mo rí lọ́dún náà, wọ́n so ó rọ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi koríko bò ó lórí. Kó tó lọ, ó kọ́ àálè sí ẹnu ọ̀nà àká náà: àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, ṣùkù, àti ààbọ̀ bàtà ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Àálè yẹn lè ba olè tó wà ní Kútọnu lẹ́rù. Ó wo Fàrídà, ó wo àálè, ó gun ọ̀kadà lọ.

Ọjọ́ ọjà Àgọ́-Àrẹ ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti lọ sọ́jà. Àwọn ọdẹ kan tí a kò mọ̀ dáná sun ìgbẹ́ lọ́nà odò láti lé ọ̀yà jáde, atẹ́gùn ọyẹ́ sì gbé iná náà lé wa lórí. Kí a tó mọ̀, èéfín ti bo oòrùn. A gbọ́n omi, a ya ewé tútù, a fi pa iná tó ń bọ̀ lọ́nà ilé wa. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, kò wọ ilé. Ṣùgbọ́n ó yí gba ẹ̀yìn abà, níbi tí koríko ga sí, ó kọrí sí àká Ìyá Samsudeen.

Gbogbo wa sáré débẹ̀. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà àká, gbogbo wa dúró gbagidi bí ẹni pé wọ́n mọ odi síbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ á kó iṣu ìyá yìí jáde," ni ẹnì kan wí.

"Ta ló fẹ́ tú àálè ẹ̀?"

Fàtímọ̀, ìyàwó ilé kejì sí tèmi, tó lágbára ju ọkùnrin méjì lọ, kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Kì í ṣèmi o. Mo ti lóyún sínú."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí a ṣe, kí ẹ bá wa rẹ́rìn-ín tàbí kí ẹ bá wa kẹ́dùn. A pe Ìjìó lórí fóònù. A fẹ́ kí Ìyá Samsudeen fi ẹnu tú àálè rẹ̀ láti ọ̀hún. Iná ń bọ̀, èéfín ń ta wá lójú, àwa àgbà obìnrin na fóònù sókè, à ń wá nẹ́tíwọọ̀kì. Fóònù kò wọlé.

Ibẹ̀ ni Fàrídà bá wa. Òun ló ń pa iná lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí láti ìgbà yẹn, àpò tútù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá mi, kí lẹ ń dúró dè?"

Fàtímọ̀ nawọ́ sí àálè.

Mo rí ojú ọmọ náà. Kì í ṣe ìkarahun ìgbín ló ń bà á lẹ́rù. Ọ̀gbẹ́ni Caleb ló ń rò, ọ̀gbà ẹ̀wọ̀n ló ń rò. Nínú gbogbo àwa tí a dúró síbẹ̀, òun nìkan ni iṣu yẹn lè rán padà sẹ́wọ̀n. Bó bá yí padà lọ sílé rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi.

Ó ní, "Ṣé iná mọ àálè ni?"

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó kọjú sí mi. "Ìyá Ayọ̀délé, ẹ máa wò mí o. Ẹ má gbójú kúrò lára mi."

Ó tú àálè náà. Kò jù ú nù. Ó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ààbọ̀ bàtà olóògbé gún un láyà, ìkarahun ń mì. Ó pariwo kí gbogbo wa lè gbọ́: "Bí ẹyọ kan nínú iṣu yìí bá di tèmi, gbogbo ohun tí màmá fọ̀ sí i, kó ṣẹ mọ́ mi lára!" Ó sì wọlé.

Ó gbé iṣu àkọ́kọ́ jáde, ó gbé ìkejì. Fàtímọ̀ tú ọwọ́ rẹ̀ ká lẹ́yìn. Ó ní, "Àálè ò sí lára iṣu mọ́ kẹ̀, ọrùn ọmọ yìí ló wà." Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ inú, ó tẹ̀ lé e. Ni gbogbo wa bá wọ́ tẹ̀ lé wọn. A tò láti ẹnu ọ̀nà àká, à ń fi iṣu lé ara wa lọ́wọ́. Ibi kan ṣoṣo tó wà nítòsí tí kò ní koríko ni iwájú ilé gígùn tí Fàrídà máa ń gbá, ibẹ̀ ni a kó o sí.

Iná mú òrùlé àká nígbà tó ku ọ̀wọ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. A ní kó fi í sílẹ̀. Kò gbọ́. Okùn tí wọ́n fi so ó kò tú, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ lásán já a, ó ń ju iṣu náà síta pẹ̀lú iná lára. Fàtímọ̀ ló fà á jáde níkẹyìn, ó gbá a mú nínú aṣọ bí ẹni mú ọmọ ọ̀daràn. Àká wó lẹ́yìn wọn. Ọwọ́ Fàrídà méjèèjì ti bó. Mo fi òrí pa á, mo ya gèlè mi, mo fi dì í.

Nígbà tí ara rọ̀ wá díẹ̀, ó dìde, ó bọ́ àálè kúrò lọ́rùn, ó ri igi kan mọ́ àárín òkìtì iṣu náà, ó ní kí n bá òun so ó mọ́ ọn nítorí ọwọ́ òun. Bẹ́ẹ̀ ni àálè ṣe wà lórí iṣu, lẹ́nu ọ̀nà ẹlẹ́wọ̀n.

Ìṣòro kan kù. Iná ti sun àwọn iṣu tó jáde kẹ́yìn, wọ́n jinná, òórùn wọn gba gbogbo abà. Iṣu sísun nínú ọyẹ́, lẹ́yìn irú làálàá bẹ́ẹ̀! Fàtímọ̀ ti gbé epo pupa àti iyọ̀ wá.

Fàrídà dúró níwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Àálè wà lórí ẹ̀."

"Ọmọ yìí, ó máa bàjẹ́ náà ni!"

"Kó bàjẹ́. Kì í ṣe tiwa."

Fàtímọ̀ gbé epo rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú ìbínú, kò bá a sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Bẹ́ẹ̀ oúnjẹ tí wọ́n máa ń kó ránṣẹ́ sí Fàrídà láti Ìbàdàn kò tíì dé lóṣù yẹn. Gààrí tí mo fún un ló ń mu, ó ń mu ún níwájú òkìtì iṣu.

Ẹnì kan tí n kò ní dárúkọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́, pe Ìyá Samsudeen nígbà tí nẹ́tíwọọ̀kì dé. Ó sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀: àká rẹ jóná, iṣu rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ọmọ ẹlẹ́wọ̀n yẹn. Ìyá náà kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó pe Ọ̀gbẹ́ni Caleb.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Caleb dé, kò gun alùpùpù rẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọkọ̀ ìjọba ló gbé e wá, ọlọ́pàá kan jókòó lẹ́yìn. Ó wo iṣu, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó ní kí Fàrídà lọ kó ẹrù rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há. Fàtímọ̀ náà sọ. Kì í ṣe ènìyàn búburú, ó fetí sí wa, ṣùgbọ́n ó ní, "Màmá, ẹni tó ni iṣu ló pè mí. Òun nìkan ló lè ní kí n máa lọ."

Fàrídà wọlé, ó gbé àpò ọ̀rá tó gbé wá lọ́jọ́ kìíní jáde. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Inú bí mi débi pé mo sunkún.

Ibẹ̀ ni a wà tí Ìyá Samsudeen fi dé láti Ìjìó, kò tíì bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà tó ti ń pariwo. "Olè! Ṣé mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí! Aṣọ olè ló—"

Òórùn iṣu tó ń rà kọ lù ú. Ó rìn yí òkìtì iṣu náà po, díẹ̀díẹ̀. Ó rí àkísà rẹ̀ pupa, ó rí bàtà ọkọ rẹ̀ lórí igi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn iṣu tí iná sun. Iṣu náà ti bu funfun, ó ti ń rà. Ìyá náà bù ú sí méjì, inú rẹ̀ ti jinná dáadáa rí. Kò sẹ́ni tó bu ẹnu kan lára rẹ̀. Ó wo èyí tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni. Ó wá gbé ojú sókè, ó rí ọwọ́ Fàrídà nínú gèlè mi.

"Ta ló kó iṣu mi síbí?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló tú àálè mi?"

"Èmi ni, mà."

Ọ̀gbẹ́ni Caleb mí kanlẹ̀.

"Ta ló tún un so?"

"Èmi náà ni. Ìyá Ayọ̀délé ló bá mi fọwọ́ so ó."

Ìyá Samsudeen na iṣu jíjẹrà náà sí i. "Àwọn tó jinná yìí ńkọ́? Ebi ò pa ọ́ ni? Kí ló dé tí o ò jẹ ẹ́?"

Fàrídà ní, "Ẹ ò sí nílé, mà. Ọwọ́ ta ni n bá ti tọrọ ẹ̀?"

Èmi àti Ìyá Samsudeen jọ sin ọkọ rẹ̀. N kò rí omi lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu rẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Nígbà tó sunkún tán, ó fi ìborùn nu imú, ó kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Caleb. "Ọ̀gá, ẹ máa lọ. Olè tí mo pè yín fún ò sí níbí."

Ó fúnra rẹ̀ gba àpò ọ̀rá náà lọ́wọ́ Fàrídà, ó gbé e padà sínú ilé.

Fàrídà parí ọdún rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ọkọ̀ dé láti gbé e padà sí Ìbàdàn, ó ní kí wọ́n bá òun kí ìyá òun, òun ń bọ̀ wá kí i, ṣùgbọ́n iṣu òun kò tíì tó wà. Ìyá Samsudeen ti gé ilẹ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ebè rẹ̀ ti dúró ju tàwọn ọkùnrin kan lọ, mo lè dárúkọ wọn bí ẹ bá fẹ́. Ó ti ń kọjá afárá bó ṣe wù ú, àpá iná ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, àwọn ọmọ tí Ọ̀gbẹ́ni Caleb sì ń kó wá láìpẹ́ yìí, òun ló ń kọ́ wọn lóko. Bí wọ́n bá bi í bóyá ó ṣẹ̀wọ̀n lóòótọ́, yóò ní òun jí ẹ̀gbà wúrà, ó ń dán.

Nínú ọyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí, Ìyá Samsudeen tún lọ sí Ìjìó, ọmọbìnrin rẹ̀ tún bímọ. Mo sìn ín dé ẹ̀yìn abà, mo rí àká tuntun rẹ̀ tó kún dé òkè. Mo wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, n kò rí àkísà, n kò rí ìkarahun.

Mo ní, "Ìyá Samsudeen, ẹ gbàgbé àálè yín o!"

Ó ti gun ọ̀kadà. Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Fàrídà wà nílé."